Olùdarí Àgbà àti Àìsàn Tí Kò Sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá àyè jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ Alhaji Dókítà Abdulkadir kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí ìdúró.

Ní ìlú Ìlọrin wa yìí, ilé alájà mẹ́ta kan wà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Àjọ Adójútòfò Àlàáfíà Ara ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Iṣẹ́ àjọ náà kò le láti ṣàlàyé: òṣìṣẹ́ ìjọba á máa fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, bí àìsàn bá sì dé, àjọ á gbé ìtọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lójú ayé, kó tẹ̀lé mi gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹta, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà rẹ̀.

Bàtà kò gbọdọ̀ dún ní àjà kẹta. Ọ́fíìsì Olùdarí Àgbà ló wà níbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n fi fóòmù bo ògiri yípo. Wọ́n yọ bátìrì aago ògiri nítorí pé ó ń ró kẹ́kẹ́, láti ọjọ́ náà ni agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ti ń lù ní àjà kẹta láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Àga kan wà tí wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ láti òkè àjà. Orí rẹ̀ ni Olùdarí máa ń jókòó sí tí á máa fì síwá sẹ́yìn bí ó bá ń ronú nípa àlàáfíà aráàlú. Aṣọ ìbora kan wà tí wọ́n rán àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó lè wúwo, òun ni ó máa ń tẹ́ lé itan bí ìpàdé bá fẹ́ le. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ìbotí ńlá kan wà, irú èyí tí àwọn tó ń júwe ọ̀nà fún bàálù máa ń dé sétí. Bí àlejò bá béèrè pé kí ni gbogbo èyí, Bàṣírù, igbákejì Olùdarí, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ohun èlò ìṣàkóso ni." Àlejò náà á mirí bí ẹni tó yé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkùnrin náà. Alhaji ni lóòótọ́, ó ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oyè dókítà ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lókè òkun ló fi dá a lọ́lá. Kò sí ẹni tó tíì rí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà rí, tó fi mọ́ òun fúnra rẹ̀. Kì í sọ pé "mo". "Àwa" ló máa ń wí. Bí ó bá sín, Bàṣírù á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà."

Nítorí pé ariwo kò gbọdọ̀ sí, wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan pa èkejì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi òróró para. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun ga lẹ́nu iṣẹ́ á fi omijé díẹ̀ kún un. Omijé Bàṣírù kì í jìnnà.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àṣà ibẹ̀, kò sí èyí tó tó Òfin Kìíní. Wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà sí i, wọ́n sì gbé e kọ́ ibi tí ojú gbogbo èèyàn á ti kàn án: LỌ́DỌ̀ OLÙDARÍ ÀGBÀ NI GBOGBO NǸKAN TI Ń BẸ̀RẸ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gbé mọ́ínmọ́ín ìsọmọlórúkọ wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú ewé títí Olùdarí á fi tọ́ ọ wò. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, Olùdarí wà ní Àbújá fún ọjọ́ mọ́kànlá, ni abẹ́rẹ́ bá dúró dè é nínú fíríìjì. Lọ́jọ́ tí wáyà gbiná nílé ìdáná ìsàlẹ̀, tí èéfín bo gbogbo ilé, àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wúkọ́, wọn kò jáde. Olùdarí wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ṣe tán, ó rọra fọ ọwọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó kọjá láàárín wọn, kí wọ́n tó tẹ̀lé e jáde. Ó kọ lẹ́tà ìyìn sí gbogbo wọn fún ìwà ọmọlúàbí. Àwọn méjì gba tiwọn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ẹ fi Òfin Kìíní sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ní Òkè-Oyì, olùkọ́ kan wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ Binta. Nusaybah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń kàwé níbẹ̀. Ọmọ náà gbọ́n. Ó ti há Fátíhà sórí, bí ẹ bá sì da ẹ̀wà funfun pọ̀ mọ́ pupa, á ṣà wọ́n sọ́tọ̀ láìku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n etí ọmọ náà kò ní ìlẹ̀kùn. Ariwo tí etí tèmi tiyín ń gbọ́ tí ó ń sọ nù, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé sí i lórí lẹ́ẹ̀kan náà: agogo ilé ìwé, ẹsẹ̀ àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta. Bí ó bá ti kún jù, á di etí méjèèjì, á sá. Ní sáà tó kọjá, agogo oúnjẹ lù, Nusaybah sì sáré jáde ní kíláàsì bọ́ sí títì. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ ní láti já wọ inú gọ́tà kó má bàa gbá a.

Hẹ́dìmísítírẹ́ẹ̀sì pe Binta. "Ìyá Nusaybah, mo fẹ́ràn ọmọ yìí, wàláì. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí sáà tuntun tó wọlé, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Mi ò ní gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ."

Sáà tuntun ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Binta gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Tanke ní Ìlọrin, sí ilé ìtọ́jú kékeré kan lẹ́yìn àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéọlá ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ ọpọlọ ọmọ bí á ṣe máa gba ariwo àti ìfọwọ́kàn díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rù wọn kò fi ní bà á mọ́. Ó yẹ Nusaybah wò fún wákàtí méjì. Kí wọ́n tó lọ, ó kọ́ ọ ní ohun kan: "Bí ariwo bá dé, fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká rẹ mú gírígírí. Máa ka ení, èjì, dé ẹ̀wá. Ó máa parí. Kò sí ariwo tí kì í parí." Ó yá ọmọ náà ní ìbotí kan, ó sì kọ lẹ́tà sí àjọ adójútòfò pé ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ni ọmọ náà nílò, àti àwọn ohun èlò wọ̀nyí: àga tí ń fì, aṣọ ìbora tó wúwo, ìbotí, àti yàrá tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí.

Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn rí níbì kan, ẹ má tíì sọ ọ́.

Ọlábísí ló ń gba ìwé nílé alájà mẹ́ta náà. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ó ti lo ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í pariwo. Ó ka lẹ́tà Adéọlá. Ó gbójú sókè wo àjà kẹta. Ó tún lẹ́tà náà kà. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n ní kí Binta mú ọmọ wá. Àwọn méjèèjì bọ́ bàtà, wọ́n gòkè. Bí Nusaybah ṣe tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà báyìí ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó yọ ìbotí kúrò létí. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ibí yìí dáa. Ṣé a lè máa gbé ibí?"

Olùdarí Àgbà dìde. Àga rẹ̀ ń fì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa, àti ìwọ ìyá ọmọ! Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá ayé ni ẹ̀dá ti ń ṣàìsàn. Ibà ń bẹ, a mọ̀ ọ́n. Ọgbẹ́ inú ń bẹ, a gbọ́ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò sí nínú ìtọ̀, tí ẹ̀rọ ayàwòrán kò rí, ṣé àìsàn nìyẹn àbí ìròyìn? Ariwo! Ṣé ariwo ni kí àwa fún ní abẹ́rẹ́? Bí a bá tọ́jú ariwo lónìí, lọ́la wọn á ní ká wá tọ́jú òórùn, lọ́túnla wọn á ní atẹ́gùn fẹ́ lu ọmọ àwọn. Àwa kò ní gbà! Ìran tó ń bọ̀ kò ní bú wa! Ẹ tiẹ̀ wo ọmọ náà. Ara rẹ̀ yá!"

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa àtẹ́lẹwọ́. Omijé Bàṣírù dé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú," ni Binta wí. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Nítorí pé ibí yín pa rọ́rọ́ ni ara rẹ̀ fi balẹ̀."

"Ibí wa pa rọ́rọ́," ni Olùdarí dáhùn, "nítorí ìṣàkóso rere."

Ó fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun kan tó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ìlà keje nínú rẹ̀ kà pé: *Ẹ so fọ́tò àìsàn náà mọ́ ọn.* Bí fọ́tò kò bá sí, ìtọ́jú kò sí. Binta gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà ti kọjá pípọ̀n, torí ọmọ náà kò fẹ́ kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Binta sunkún títí dé gáréèjì. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, mi ò ní pa á mọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Binta. Ẹni tó ń kọ́ àádọ́ta ọmọ ní ìṣirò lójoojúmọ́, nǹkan kì í tètè sú u. Ó fi ọwọ́ kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́rin, ó sì gbé e lọ bá Hajia Saeedah nílé. Mátíróònù tó ti fẹ̀yìn tì ni Hajia, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àjọ náà. Òun nìkan ló lè sọ fún Olùdarí pé kó jókòó. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Kí ló ní kí o so mọ́ ọn?"

"Fọ́tò àìsàn, mà."

"Sùbùhánálláhì," ni Hajia wí. "Mò ń bọ̀ níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé àjà kẹta kí Binta tó délé. Olùdarí Àgbà fì lórí àga rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, lẹ́yìn náà ó gbé Ìwé Àṣẹ Kẹtàdínlógún jáde. Ó kà báyìí pé, níwọ̀n ìgbà tí àìsàn ariwo kò sí, èrú ni gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ń tọ́jú rẹ̀. Pé aṣọ ìbora tó wúwo, àga tí ń fì, ìbotí, fóòmù ògiri, àti kápẹ́ẹ̀tì tó bá nípọn ju ìka kan lọ, tí wọ́n bá bá níbikíbi tó kan àjọ, kí wọ́n jù ú síta lójú ẹsẹ̀. Àti pé ẹni tó bá ni ín, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ya àwòrán àwọn nǹkan náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó má bàa sí àṣìṣe.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé kò rántí tirẹ̀ ni? Tirẹ̀ kò sí lára wọn. Tirẹ̀ jẹ́ ohun èlò ìṣàkóso.

Ilé ìtọ́jú Adéọlá ní Tanke ni ó dojú àṣẹ náà kọ. Ó gba ọkùnrin mẹ́rin tó lágbára síṣẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó pe oníròyìn rédíò kan láti gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ, ó sì ní kí Binta àti ọmọ rẹ̀ wá sí àjà kẹta láti wo bí wọ́n ṣe ń fi òpin sí èrú. Gbogbo òṣìṣẹ́ pé jọ síbẹ̀, Hajia Saeedah náà dé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olùdarí sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ní òkè: "Ẹ jáde lọ! Ẹ wá èrú náà rí!"

Bàṣírù ṣíwájú àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà, wọ́n kọjú sí àtẹ̀gùn. Ìgbà náà ni Ọlábísí wú ikọ́ díẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, sà. Òfin Kìíní."

Bàṣírù dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn. Ó wo férémù aláwọ̀ wúrà. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò ti ṣe ohunkóhun tí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Olùdarí, tó fi mọ́ omi mímu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà míràn. Ó yíjú padà.

"Òótọ́ ni, sà," ó ní. "Ó máa rí yín fín bí a bá lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ará Tanke."

Olùdarí rí gbohùngbohùn rédíò níwájú rẹ̀, ó sì rò pé wọn á kàn yọjú wo yàrá, wọn á kí òun, wọn á sì máa lọ. Orí rẹ̀ wú. "Kò sí ẹni tó ga ju òfin lọ! Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwa!"

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà kò tíì lo wákàtí mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé fún wọn ohun tó ń jẹ́ ohun èlò ìṣàkóso. Aṣọ ìbora ni wọ́n mọ̀. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo àga tí ń fì. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n fi ìka wọn kápẹ́ẹ̀tì wò.

"Ó ju ìka kan lọ," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Wọ́n ṣí fèrèsé kí wọ́n lè ráyè ju nǹkan síta bí àṣẹ ṣe wí. Aṣọ ìbora ló kọ́kọ́ lọ, ó bọ́ sílẹ̀ gbì. Ìbotí tẹ̀lé e. Wọ́n já àga kúrò lórí ṣéènì. Wọ́n ya fóòmù lára ògiri, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, Bàṣírù ń bá wọn di etí rẹ̀ kan mú, torí kò mọ ohun míràn tó yẹ kó ṣe. Ìgbà náà ni ìlú Ìlọrin wọlé sí àjà kẹta fún ìgbà àkọ́kọ́. Jẹnẹrétọ̀ wọlé, fèrè kẹ̀kẹ́ wọlé, wẹ́dà òdìkejì títì wọlé, ọkùnrin tó ń fi gbohùngbohùn ta oògùn eku wọlé. Láti ká etí kápẹ́ẹ̀tì tó kù, àwọn ọkùnrin náà wọ́ tábìlì ńlá lórí táìlì òfìfo, ó sì dún *kẹẹẹẹ*.

Olùdarí Àgbà di etí rẹ̀ méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wọ abẹ́ tábìlì tòun ti agbádá.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa," ni oníròyìn wí jẹ́jẹ́, "Olùdarí Àgbà ti wọ abẹ́ tábìlì báyìí. A kò tíì mọ ètò tí wọ́n ní lọ́kàn."

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Méjì nínú wọn, nítorí Òfin Kìíní, bẹ̀rẹ̀ sí kúnlẹ̀.

Nusaybah jẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó rá lọ sábẹ́ tábìlì. Ó rí àgbàlagbà tó ń gbọ̀n, tí òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣe é, torí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó yọ ìbotí tirẹ̀ kúrò létí, ó dé e sí ọkùnrin náà lórí, lórí fìlà. Lẹ́yìn náà ó di èjìká ara rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́.

"Bàbá, ẹ di èjìká yín mú. Báyìí. Ẹ kà á. Ó máa parí."

"Ení," ni ọmọ náà wí.

"Ení," ni Olùdarí Àgbà wí.

Gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara ló gbọ́ bí wọ́n ṣe kà á dé ẹ̀wá. Ìgbà tí wọ́n fi débẹ̀, Hajia Saeedah ti ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ó fi ọwọ́ di eékún rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Alhaji, kí ló ń ṣe yín?"

Olùdarí di ìbotí náà mú mọ́ etí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ bá ní àìsàn yìí kò sí, a jẹ́ pé ẹ kó nǹkan ìlú jọ fi ṣeré. Bí ó bá wà, ẹ mọ ìwé tó yẹ kí ẹ bọ́wọ́ lù."

Olùdarí yọjú lábẹ́ tábìlì. "Ó wà," ó ní. "Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n máa ń nà mí nítorí rẹ̀." Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ "mo" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ojú ti àwọn òṣìṣẹ́ kan, wọ́n wo ilẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ Ọlábísí, ó sì bọ́wọ́ lu ìwé Nusaybah níbẹ̀, lórí táìlì.

Ọlábísí gba ìwé náà, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá ka ìlà tó gbẹ̀yìn nínú Ìwé Àṣẹ Kẹtàdínlógún sókè, pé ẹni tó bá ni ín, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Hajia ní òfin kò burú. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn, Olùdarí sì kọjá láàárín wọn, òun ló kọ́kọ́ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀lé e. Bàṣírù ti ń bi Hajia bóyá ọ̀dọ̀ wọn ni kí nǹkan ti máa bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Nusaybah wọlé sáà tuntun. Agogo lù, ó di èjìká mú, ó kà á dé ẹ̀wá, kò sá. Binta tó ń yọjú láti kíláàsì kejì jókòó sórí àga ọmọdé, ó sunkún ayọ̀.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó wọ agbádá wọ ilé ìtọ́jú Adéọlá ní Tanke. Ó mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Òun ló gbé e kalẹ̀ nígbà kan, wọn kò sì tíì rí àyè yí i padà. Níbi ìlà keje, ó lẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ara rẹ̀ mọ́ ọn.

"Èmi ni Alhaji Dókítà..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Adéọlá wí. "Ẹ jókòó. Ẹni tó kọ́kọ́ dé la ń kọ́kọ́ dá lóhùn."

Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sí orí rẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀. Ó wò ó, ó sún fún un.

"Èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè o, bàbá," ni Nusaybah wí. "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀lé mi."

Alhaji ká agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó tì í.

"Ó dáa, ọ̀gá mi," ló dáhùn.